Ibà Tí Ń Lọ Tí Ń Bọ̀: Àlàyé lórí Àìsàn Iná Abẹ́lé Lára Ọmọdé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Bí a bá gbọ́ òwe yìí, ọ̀tá ilé tàbí ọ̀rẹ́ ọ̀dàlẹ̀ ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi yé wa pé irú ibà kan wà tí òwe náà bá mu rẹ́gí: ibà tí ẹ̀fọn kò gbé wá, tí kò bá omi tàbí oúnjẹ wọlé, tí ẹnikẹ́ni kò sì kó ran ẹni tí ó ń ṣe. Láti inú ara aláìsàn gan-an ni ó ti ń rú jáde. Ìgbà èwe ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń wá, ó ń lọ, ó sì tún ń padà wá. Bí ó bá sì ti lọ tán, ọmọ náà a máa ṣeré bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣe é rí.

Irú àìsàn báyìí kò wọ́pọ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí ó fi yẹ kí á sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé ohun tí kò wọ́pọ̀ ni a máa ń ṣì pè ní ohun tí ó wọ́pọ̀. Àṣìpè yìí a máa gba ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Nígbà mìíràn, kíndìnrín rẹ̀ ni ó ń gbà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ohun èlò tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún dídá àìsàn náà mọ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ olówó iyebíye, bí kò ṣe àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ìyá ọmọ lè fi ìwé àti pẹ́ńsù ṣe nínú ilé rẹ̀.

Oríṣi Ẹ̀ṣọ́ Méjì

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yéni, ẹ jẹ́ kí a fi ara ènìyàn wé ìlú olódi tí ó ní oríṣi ẹ̀ṣọ́ méjì. Èkíní ni àwọn oníbodè. Láti ìgbà tí a ti bí ọmọ ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò mọ orúkọ ọ̀tá kankan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí ohun àjèjì, wọn a lu agogo, gbogbo ìlú a sì gbọ́. Èkejì ni àwọn jagunjagun tí ń kọ́ṣẹ́. Wọn kì í yára jáde, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bá ọ̀tá kan jà rí, wọn kì í gbàgbé ojú rẹ̀ mọ́. Nípasẹ̀ àwọn wọ̀nyí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára fi ń ṣiṣẹ́.

Agogo tí àwọn oníbodè ń lù ni ibà. Ibà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Àmì pé ogun wà ni. Bí agogo bá ti dún, ara a gbóná, ojú ibi tí ogun wà a pọ́n, a wú, a sì máa dunni. Nígbà tí a bá ṣẹ́gun tán, agogo a dákẹ́, ara a sì balẹ̀.

Àṣìṣe lè bá oríṣi ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn jagunjagun bá ṣi ọmọ ìlú mú fún ọ̀tá, tí wọ́n sì dojú ìjà kọ ọ́, a ní irú àìsàn tí a ń pè ní lupus. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àwọn oníbodè ni ó ń lu agogo nígbà tí ọ̀tá kankan kò sí ní ìtòsí, ọ̀tọ̀ ni àìsàn tí ó ń tibẹ̀ jáde. Ní 1999 ni Daniel Kastner, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àìsàn kejì yìí ní orúkọ tirẹ̀, kí a má baà kó o pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ mọ́. Èdè wa kò tíì ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí fún un. Nínú àròkọ yìí, àìsàn iná abẹ́lé ni a ó máa pè é, nítorí pé gbígbóná, pípọ́n àti oró tí ó ń mú wá jọ ti iná, tí ó sì jẹ́ pé inú ilé ni iná náà ti ń ràn. Bí òǹkàwé kan bá ní orúkọ tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó mú un wá fún ẹgbẹ́ wa.

Ibà Ẹ̀bá Òkun Mẹditaréníà

Àìsàn iná abẹ́lé pọ̀ ní irú. Èyí tí a mọ̀ jù lọ, tí ó sì lè jẹ́ àwòkọ́ fún àwọn yòókù, ni ibà ìdílé tí ó wà láàárín àwọn ènìyàn ẹ̀bá Òkun Mẹditaréníà: àwọn ará Tọ́kì, àwọn ará Àméníà, àwọn Júù àti àwọn Lárúbáwá. Ní Tọ́kì, a ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún ni ó ní in. Sheppard Siegal, oníṣègùn kan ní New York, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1945. Ní 1958 ni Harry Heller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ìlú Ankara. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ara rẹ̀ le koko. Nígbà tí ó fi di ọ̀sán, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un; nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n 39. Inú ń run ún tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ká kò lórí ibùsùn, ikùn rẹ̀ le bí pátákó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbé e dé ilé-ìwòsàn, wọ́n sì ń rò ó bóyá kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tí ó di Ọjọ́rú, ibà lọ, inú rírun lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ó padà sí ilé-ìwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibà tún dé. Orúnkún rẹ̀ ni ó wú lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn oṣù méjì, àyà ni ó ń dùn ún nígbà tí ó bá mí. Olùkọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọgbọ́n àìfẹ́kàwé ni. Bàbá rẹ̀ pàápàá ń wò ó tìfura-tìfura, nítorí pé ọmọ tí ń jẹ̀rora lánàá ni ó ń fò sókè lónìí yìí.

Ọmọ náà kò purọ́. Bí àìsàn yìí ti ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìkọlù kọ̀ọ̀kan kì í sábà kọjá ọjọ́ 3. Àwọn kan kì í tó ọjọ́ kan. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo ìfun, èyí tí ó bo ẹ̀dọ̀fóró, àti èyí tí ó wà nínú oríkèé ni iná náà sábà máa ń mú. Lára àwọn kan, ojúgun tàbí ọrùn ẹsẹ̀ a pọ́n, a sì gbóná. Nínú ẹni 10 tí ó ní in, nǹkan bí 9 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ lára wọn kí wọ́n tó pé ogún ọdún.

Ohun Tí Àìtètè-mọ̀ Ń Fà

Ní 2005, àwọn oníṣègùn tí ń ṣèwádìí àìsàn yìí ní Tọ́kì tẹ àbájáde àyẹ̀wò wọn lórí aláìsàn 2,838 jáde. Inú rírun wà lára 93.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ó tó nǹkan bí ọdún 7 láàárín ìgbà tí àìsàn kọ́kọ́ mú wọn àti ìgbà tí a tó mọ orúkọ rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni a ti la ikùn rẹ̀ láti yọ ọmọ-ìfun tí a ń pè ní àpẹ́ńdíìsì. Kí òǹkàwé sì rántí pé ilẹ̀ tí àìsàn náà ti wọ́pọ̀ jù lọ nìyí, níbi tí gbogbo oníṣègùn ti gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ tí kò yẹ kò dára, ṣùgbọ́n ohun tí ó burú jù ú lọ wà. Nígbàkígbà tí agogo bá ń dún, ẹ̀dọ̀ a máa da èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èròjà náà a bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ sínú kíndìnrín bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ń gbá jọ sí ìsàlẹ̀ agbè ẹmu. Amyloid ni a ń pe gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí. Kì í dunni, kì í sì í kéde ara rẹ̀. Àmì àkọ́kọ́ ni pé púrótéènì tí ó yẹ kí ó dúró sínú ẹ̀jẹ̀ a máa bá ìtọ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ àti ojú a wú, níkẹyìn kíndìnrín a kọṣẹ́. Lára àwọn aláìsàn 2,838 tí a mẹ́nu bà, 12.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní amyloid. Kí oògùn tó dé, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó bá mú ni kì í pé ogójì ọdún láyé.

Bí A Ti Ń Jogún Rẹ̀

Àwa tí a mọ ohun tí AS àti SS jẹ́ kò ní í pẹ́ lóye bí àìsàn yìí ti ń wọ ìdílé. Gẹ́gẹ́ bí bàbá AS àti ìyá AS, tí ara àwọn méjèèjì dá ṣáṣá, ti lè bí ọmọ SS, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bàbá àti ìyá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní jíìnì kan tí ó ní àbùkù lè bí ọmọ tí yóò gba méjì. Jíìnì náà ń jẹ́ MEFV. Ní 1997 ni ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì, tí ọ̀kan kò sí lábẹ́ èkejì, rí i ní ọdún kan náà. Ẹgbẹ́ kan fún púrótéènì tí jíìnì yìí ń ṣe ní orúkọ pyrin, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí iná. Èkejì, tí ó jẹ́ ti àwọn ará Faransé, pè é ní marenostrin, láti inú orúkọ tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ fi ń pe òkun náà: Òkun Wa. Orúkọ iná ni ó borí.

Pyrin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníbodè wa. Kì í wo ojú ọ̀tá. Ohun tí ó ń ṣọ́ ni àgádágodo ìlẹ̀kùn. Bí kòkòrò àrùn bá tọwọ́ bọ àgádágodo náà, pyrin a lu agogo. Lára ẹni tí jíìnì rẹ̀ ní àbùkù, pyrin a máa jí fún ohun tí kò tó nǹkan: àárẹ̀, òtútù, ìbànújẹ́, tàbí nǹkan oṣù obìnrin.

Kí ni ó dé tí àbùkù yìí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí? Nípa ti AS, a mọ̀ pé ibà ẹ̀fọn ni ó fà á: ibà náà kì í lè pa ọmọ AS ní kíákíá bí ó ti ń pa ọmọ AA. Ní 2020, Kastner àti àwọn mìíràn tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú MEFV, àti pé àjàkálẹ̀-àrùn tí eku àti yọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń gbé kiri ni ó jọ pé jíìnì yìí dáàbò bo àwọn baba ńlá wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó gba baba là ni ó ń yọ ọmọ lẹ́nu.

Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀

Kò sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tí ó lè parí ọ̀rọ̀ yìí. Àyẹ̀wò jíìnì wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó ní àìsàn náà tí a kò rí ju jíìnì alábùkù kan lọ lára wọn, àwọn mìíràn sì wà tí ó ní méjì tí ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Nítorí náà, ìtàn àìsàn ni ìpìlẹ̀. Ní 2009, àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Tọ́kì gbé ohun márùn-ún kalẹ̀: ibà, inú rírun, àyà dídùn, oríkèé wíwú, àti pé ẹlòmíràn nínú ìdílé ní àìsàn náà. Mẹ́rin àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti wáyé ní ìgbà mẹ́ta ó kéré tán, kí ìkọlù kọ̀ọ̀kan sì wà láàárín wákàtí 6 sí 72. Bí ọmọ bá ní méjì nínú márùn-ún yìí, ìfura lágbára.

Òǹkàwé yóò ṣàkíyèsí pé láìsí ẹni tí ó kọ wákàtí àti ọjọ́ sílẹ̀, ìlànà yìí kò lè ṣiṣẹ́. Iye ọjọ́ náà ni a fi ń ya àìsàn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Irú kan wà tí a kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1987, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù lọ lára àwọn ọmọdé: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ni ó fi ń padà wá, ó ń lo nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 6, pẹ̀lú egbò ẹnu, ọ̀fun dídùn àti kókó ọrùn wíwú. Èyí kò léwu, ọmọ a sì máa dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Òmíràn, tí a ṣàpèjúwe ní Nẹ́dálándì ní 1984, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì lè ru ú sókè. Òmíràn tún wà tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ìdílé àwọn ará Ireland, tí ìkọlù rẹ̀ lè kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Òmíràn ẹ̀wẹ̀, òtútù ni ó ń ru ú. Ara ọmọ a sú láti ìgbà ìkókó, a sì lè di adití bí a kò bá tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ìwé ìyá nìyí: ọjọ́ àti wákàtí tí ibà dé, ọjọ́ àti wákàtí tí ó lọ, bí ara ti gbóná tó, ibi tí ó ń dun ọmọ, ohun tí ojú rí ní ẹnu, ọ̀fun, ojú àti awọ ara, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ibà tó dé, oògùn tí a lò àti bí ó ti ṣe sí. Bí ara bá pọ́n tàbí tí ó sú, kí á fi fóònù ya á, nítorí pé yóò ti pòórá kí á tó rí oníṣègùn. Nígbà tí ibà wà lára ni kí a gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí a sì tún gbà á nígbà tí ara bá dá, kí a lè fi méjèèjì wé ara wọn. Ìtọ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ ṣàìsí nínú àyẹ̀wò.

Ìtọ́jú

Oògùn àìsàn yìí kì í ṣe ohun titun. Òdòdó kan tí ń hù ní Yúróòpù ni a ti ń rí colchicine, láti ayé àtijọ́ ni a sì ti ń fi í wo oríkèé wíwú. Ní 1972 ni Stephen Goldfinger ní Boston kọ lẹ́tà kúkúrú sí ìwé ìròyìn ìṣègùn kan pé àwọn aláìsàn òun tí ń lo colchicine lójoojúmọ́ kò rí ìkọlù mọ́; ní ọdún kan náà ni Özkan ní Tọ́kì sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1986, àwọn oníṣègùn Ísírẹ́lì tẹ ìwádìí wọn lórí aláìsàn 1,070 jáde, wọ́n sì fi hàn pé ẹni tí ó bá ń lo oògùn náà déédéé kì í sábà ní amyloid. Hóró oògùn kékeré tí kò wọ́n ni ó dá kíndìnrín ọ̀pọ̀ ènìyàn sí.

Ohun mẹ́ta ni kí a fi sọ́kàn nípa rẹ̀. Èkíní: ojoojúmọ́ ni lílò rẹ̀, ní ọjọ́ tí ara dá àti ọjọ́ tí ara kò dá, fún gbogbo ọjọ́ ayé. Àwọn tí ń pa á tì nítorí pé ara wọn ti le ni amyloid ń bá lábẹ́lẹ̀. Èkejì: májèlé ni bí ó bá pọ̀ jù. Oníṣègùn nìkan ni ó lè wọ̀n ọ́n fún ọmọ. Kì í ṣe oògùn tí à ń rà lọ́wọ́ oníkiri. A kò sì gbọdọ̀ pa á pọ̀ mọ́ àwọn oògùn kan bíi clarithromycin, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí ó tètè jáde lára. Ẹ̀kẹta: ó lè mú kí ìgbẹ́ máa ya ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a sọ fún oníṣègùn, kí a má ṣe dá a dúró fúnra wa.

Àwọn díẹ̀ wà tí colchicine kò ran. Fún irú wọn, àti fún àwọn tí ó ní àìsàn tí òtútù ń ru sókè, abẹ́rẹ́ wà tí ń dí ẹnu interleukin-1, èyí tí í ṣe ohùn agogo náà gan-an. Anakinra àti canakinumab ni orúkọ wọn. Ní 2016 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí canakinumab fún ibà Mẹditaréníà. Owó rẹ̀ ga púpọ̀.

Ẹ̀kọ́ Fún Wa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á báyìí kí ó wá sọ pé ibà ọmọ òun ni iná abẹ́lé. Ní ilẹ̀ wa, ibà ẹ̀fọn ni kí a kọ́kọ́ wá, pẹ̀lú àyẹ̀wò. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbani níyànjú pé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun, àrùn inú ìtọ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn SS, pàápàá a máa mú inú, àyà àti oríkèé dunni. Kí a mọ̀ bóyá òun ni.

Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí a kò rí ibà ẹ̀fọn, tí oògùn kòkòrò àrùn kò yí ohunkóhun padà, tí ibà sì ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ọ̀nà kan náà, ó tó àkókò láti béèrè bóyá inú ilé ni iná ti ń ràn. Òwe wa tí ó ní àrùn tí ń ṣe ogójì ni ó ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún kò kan gbogbo ibà. Kí á gba ọmọ tí ó ní inú ń run òun gbọ́, ìbáà ṣe pé ó ti ń ṣeré ní ọjọ́ kejì. Kí á kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí á sì gbé ìwé náà lọ bá oníṣègùn. Ọdún 7 tí àwọn ọmọ Tọ́kì fi dúró ti pọ̀ jù fún ọmọ ẹnikẹ́ni.